Àríyànjiyàn Abẹ́ Páìpù

Bọ́ọ̀lù gígùn kan ló tú àṣírí ẹ̀rọ náà. Ẹgbẹ́ Akọ Òkúta ti ìlú Ìdíkòtò ń bá àwọn ọmọ Òkè-Erùpẹ̀ fà á lọ́jọ́ náà, ẹni tó bá borí ni yóò wọ àṣekágbá. Gólì Òkè-Erùpẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù kan sókè. Gbogbo ẹni tó wà ní pápá ló rí i pé ẹ̀yìn Akọ Òkúta ni bọ́ọ̀lù ọ̀hún ń lọ. Afọ́jú ì bá mọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ará ẹ̀yìn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fò síwájú lẹ́ẹ̀kan náà, bí ẹni tí wọ́n so mọ́ okùn kan, wọ́n fi gólì wọn nìkan sílẹ̀. Bọ́ọ̀lù gba orí wọn kọjá, ó lọ kan òrùlé, ó wá ń rọra bọ̀ nílẹ̀. Ọmọ Òkè-Erùpẹ̀ kan ti dé abẹ́ rẹ̀, ó dúró dè é, ó tún ráyè fa ṣòkòtò rẹ̀ sókè. Ó gbá a wọlé.

Bẹ́ẹ̀ náà ni góòlù kejì ṣe wọlé, bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀kẹta. Ọpẹ́lọpẹ́ àwọn ará iwájú tí wọ́n kó mẹ́rin sáwọ̀n, Akọ Òkúta ì bá ti di ẹrù wọn lọ sílé. Wọ́n wọ àṣekágbá fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí ìlú ti dúró, ṣùgbọ́n wọ́n wọ̀ ọ́ bí ẹni tí wọ́n fi joyè tí ṣòkòtò rẹ̀ já lójú agbo.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ibẹ̀ ṣe rí, kí ẹni tí kò débẹ̀ rí má baà ṣìnà. Orí òṣùpá ni Ìdíkòtò wà. Nísàlẹ̀ kòtò ńlá kan ni àwọn tó kọ́kọ́ gúnlẹ̀ síbẹ̀ kọ́ ọ sí, wọ́n sì fi òrùlé dígí bò ó kí afẹ́fẹ́ má baà sá mọ́ wọn lọ́wọ́. Yìnyín ni iṣẹ́ wọn. Wọ́n ń wà á lábẹ́ ilẹ̀, wọ́n ń yọ omi àti èémí nínú rẹ̀. Ohun gbogbo ló fúyẹ́ lórí òṣùpá. Bọ́ọ̀lù tí ọmọdé bá gbá sókè, ó lè lọ mu omi kó tó padà wá dúró dè é. Ẹni tó bá sì ti fò síwájú kò lè tètè yí padà, torí ilẹ̀ kì í di ẹsẹ̀ mú. Ẹ̀yin tí ẹ mọ bọ́ọ̀lù ti mọ ibi tí mò ń lọ. Kí gbogbo ará ẹ̀yìn gòkè lẹ́ẹ̀kan náà kí wọ́n lè fi alátakò sí ọfusáìdì, ọgbọ́n ilé ayé ni. Lórí òṣùpá, ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ ti ṣílẹ̀kùn fún olè, ó tún gbé àga fún un.

Kí ló wá dé tí wọ́n ṣe é? Ẹ̀rọ ló ní kí wọ́n ṣe é. Ọgbọ́n-Àgbà ni wọ́n ń pe ẹ̀rọ náà. Ọ̀mọ̀wé Ìbídùnní, ọmọ bíbí Ìdíkòtò, ló ṣe é. Ẹ̀rọ náà ń wo pápá, ó sì ń fi ìlẹ̀kẹ̀ kékeré kan tó wà létí àwọn ará ẹ̀yìn sọ ibi tí wọn yóò dúró sí fún wọn. Ìlú ti pàṣẹ níbẹ̀rẹ̀ ọdún bọ́ọ̀lù pé ohun tí ìlẹ̀kẹ̀ etí bá wí ni kí wọ́n ṣe, kí ẹnikẹ́ni má ṣe ju ẹ̀rọ lọ. Kò sì sí ẹgbẹ́ tó gbá bọ́ọ̀lù gígùn lé wọn lórí kí ọjọ́ náà tó dé.

Bí fèrè ìparí ti dún, abẹ́ páìpù ni gbogbo èèyàn gbà lọ. Páìpù omi gbígbóná ńlá kan ló gba ẹ̀gbẹ́ pápá kọjá, abẹ́ rẹ̀ sì ni ibi tó móoru jù nílùú. Ní Ìdíkòtò, kò sẹ́ni tó ń lọ jẹun kí wọ́n tó jà bọ́ọ̀lù náà tán lábẹ́ páìpù. Àṣà wọn ni pé ẹni tó dàgbà jù ló ń sọ̀rọ̀ kẹ́yìn.

"Akínkúnmi ló jẹ̀bi!" ni ọkùnrin kan fi pariwo. "Òun ni ọ̀gá wọn lẹ́yìn. Ṣé kò lójú ni?"

Akínkúnmi wà níbẹ̀, tawẹ́ẹ̀lì rẹ̀ wà lọ́rùn. "Mo lójú. Mo rí bọ́ọ̀lù náà kí ẹ̀yin tó rí i. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ń pariwo sí mi létí pé ká gòkè. Ẹ̀yin kọ́ lẹ ní ká má ju ẹ̀rọ lọ?"

"A sọ bẹ́ẹ̀," ni Bàbá Sàláwù, alága àwọn alátìlẹ́yìn, dáhùn. "A ò mọ̀ pé ọmọ Òkè-Erùpẹ̀ ni ẹ̀rọ náà."

Wọ́n ṣì ń rẹ́rìn-ín nígbà tí Ọ̀mọ̀wé Ìbídùnní dé. Ó kúnlẹ̀. "Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin àgbà."

"A ò tí ì jókòó," ni Bàbá Sàláwù wí. "Inú tó ń bí wa kò jẹ́ ká jókòó. Dìde, ọmọ mi. Ta ló kọ́ ẹ̀rọ rẹ ní bọ́ọ̀lù?"

"Ẹ̀yin ni, sà."

"Èmi?"

"Gbogbo yín." Ó na ọwọ́ sí ẹ̀rọ agbóhùnsílẹ̀ kékeré kan tó lẹ̀ mọ́ páìpù lókè. Láyé àwọn baba ni wọ́n ti fi í síbẹ̀ kó máa gbọ́ bí páìpù bá ń jò. Kò gbọ́ jíjò kankan rí. Ariwo bọ́ọ̀lù ló ń gbọ́ láti ọdún tó ti pẹ́, ó sì ń kó gbogbo rẹ̀ pamọ́. Ìbídùnní ló kó àríyànjiyàn náà látòkèdélẹ̀, tó fi kọ́ Ọgbọ́n-Àgbà.

"O kó ariwo wa fún ẹ̀rọ jẹ?"

"Mi ò kà á sí ariwo, Bàbá. Ọgbọ́n ni mo kà á sí."

Inú Bàbá Sàláwù dùn sí èyí, àmọ́ kò fẹ́ kó hàn. Ó wúkọ́. "Ó dáa. Jẹ́ kí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ wá rojọ́."

Ìbídùnní tan gbohùngbohùn. Ó bèèrè lọ́wọ́ Ọgbọ́n-Àgbà ìdí tó fi ní kí àwọn ará ẹ̀yìn gòkè. Ohùn tó jáde kì í ṣe ti ọkùnrin, kì í ṣe ti obìnrin, ohùn ẹ̀rọ lásán ni. Ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ló dá jìnnìjìnnì bò wọ́n.

"Kí lẹ fẹ́ kí wọ́n ṣe? Ṣé kí wọ́n dúró títí àlejò á fi wá bá wọn nínú yàrá ni? Ẹnu géètì ni ọlọ́dẹ ń dúró sí, kì í dúró sórí bẹ́ẹ̀dì. Ẹ gòkè! Mo ní kí ẹ gòkè!"

Obìnrin àgbà kan tó jókòó síwájú dìde, ẹ̀pà sísè tó wà ní itan rẹ̀ sì dà sílẹ̀. Màmá Ṣubúọlá ni.

"Baba Rẹ̀mí," ló wí. "Baba Rẹ̀mí nìyẹn."

Ọkọ rẹ̀, olóògbé Oyèníran, ló ń sọ nípa rẹ̀. Kò tí ì pé ọdún kan tí wọ́n sin ín. Ilé ayé ni Oyèníran ti gbá bọ́ọ̀lù nígbà èwe rẹ̀ kó tó wọ ọkọ̀ òfuurufú wá sórí òṣùpá, ẹ̀yìn ló sì máa ń gbá. Títí ó fi kú, "Ẹ gòkè!" ló ń pa. Wọ́n bá a jà, wọ́n fi àpẹẹrẹ hàn án, wọ́n ka góòlù tó ti wọlé fún un. Kò gbà. Ìyàwó rẹ̀ ló ń bá a jà jù, torí Màmá Ṣubúọlá gbà pé ẹ̀yìn ni ará ẹ̀yìn ń gbé. Torí pé Oyèníran ló dàgbà jù lábẹ́ páìpù, òun ló ń sọ̀rọ̀ kẹ́yìn. Bí ebi bá sì ti ń pa àwọn èèyàn, wọn a dọ̀bálẹ̀, wọn a ní, "Ẹ̀yin lẹ jàre, Bàbá," wọn a sì gba ilé lọ jẹun.

Ìbídùnní gbá orí ara rẹ̀. "Mo ti rí i. Ẹ̀rọ ò mọ ọ̀wọ̀. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá sọ fún Baba Rẹ̀mí pé àwọn ni wọ́n jàre, ẹ̀rọ rò pé ẹ gbà ni. Lójú rẹ̀, kò sẹ́ni tó borí Baba Rẹ̀mí rí."

Bàbá Sàláwù ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí omi ojú wà nínú rẹ̀. Góòlù mẹ́ta wọ inú àwọ̀n wọn nítorí pé wọ́n bọ̀wọ̀ fún àgbà. Ibo ni irú èyí ti lè ṣẹlẹ̀ bí kò ṣe láàárín wa?

Ẹ̀rín náà kò pẹ́. Àṣekágbá kù sí dẹ̀dẹ̀, ẹgbẹ́ Àṣá Àfonífojì ni wọ́n sì fẹ́ pàdé. Àwọn yẹn mọ bọ́ọ̀lù gígùn gbá bí ẹni tí wọ́n bí i mọ́.

"Mo lè yọ Baba Rẹ̀mí kúrò nínú ẹ̀rọ," ni Ìbídùnní wí. "Àmọ́ bí mo bá yọ wọ́n, ó parí nìyẹn. Mo ti pa èyí tó wà nínú agbóhùnsílẹ̀ rẹ́ láti fi àyè gba ẹ̀rọ. Kò sí ọ̀rọ̀ wọn níbòmíràn mọ́."

"Ìwọ lo pa á rẹ́?" Ojú Bàbá Sàláwù le. "Ẹ̀yin onímọ̀ ìjìnlẹ̀! Ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe nǹkan. Bí wọ́n ṣe ń bèèrè kí wọ́n tó ṣe é ni wọn ò kọ́ yín."

"Ẹ má bínú, sà. Ariwo ni mo pè é nígbà yẹn."

"Ṣé ìwọ kọ́ lo pè é ní ọgbọ́n ní ìṣẹ́jú díẹ̀ sẹ́yìn?"

Àwọn kan ní kí wọ́n yọ olóògbé kúrò, pé òun fúnra rẹ̀ ì bá fẹ́ kí ife wálé. Àwọn kan ní èèwọ̀ ni. Akínkúnmi bọ́ síwájú, ó dọ̀bálẹ̀ fún Màmá Ṣubúọlá.

"Màmá, mi ò mọ ohun tí mo lè sọ. Bàbá ló kọ́ mi ní bọ́ọ̀lù gbígbá. Àmọ́ ọmọ mi bi mí nígbà tí mo ń jáde ní pápá bóyá lóòótọ́ ni mo gba owó lọ́wọ́ Òkè-Erùpẹ̀. Ọdún yìí ni mo máa gbá kẹ́yìn. Bí a bá pàdánù ife yìí nítorí ẹ̀yìn, orúkọ tí mo máa fi lọ sílé nìyẹn."

Màmá Ṣubúọlá gbé e dìde. Ó yíjú sí Ìbídùnní. "Bí ẹnì kan bá bá ẹ̀rọ yìí jà, tí ó sì gbà fúnra rẹ̀ ńkọ́?"

"Á yí ọkàn padà, Màmá, láìjẹ́ pé mo yọ nǹkan kan. Bí ó ṣe kọ́gbọ́n náà ni. Ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tó wà níbí ló mọ̀ pé wọn kì í gbà."

"Kì í gbà fún yín," ni Màmá Ṣubúọlá wí. "Ẹ jẹ́ kí èmi àti ọkọ mi lọ parí ìjà wa."

Láti ọjọ́ náà, abẹ́ páìpù ni obìnrin náà ń wà ní gbogbo ìrọ̀lẹ́. Ó gbé àga rẹ̀ wá, ó gbé ẹ̀pà sísè rẹ̀ wá, ó sì wé gèlè tó ti gbé jù sí àpótí láti ọjọ́ ìsìnkú. Kò ya wèrè o. Ó mọ̀ pé ẹ̀rọ lòun ń bá sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ilé rẹ̀ ti dákẹ́ fún ọjọ́ pípẹ́ kì í bi ariwo pé ọmọ ta ni.

"Bọ́ọ̀lù gígùn ńkọ́?" ni yóò bèèrè.

"Ta ló ń bẹ̀rù bọ́ọ̀lù gígùn? Tí ẹ bá ti gòkè, ọfusáìdì ni," ni ẹ̀rọ yóò fèsì.

"Kò sí ní ọfusáìdì! Iwájú yín ni alátakò wà nígbà tí wọ́n gbá a, ó sáré kọjá yín nígbà tí bọ́ọ̀lù ṣì wà lókè."

"Rẹfirí ló fọ́jú."

"Ṣé gbogbo rẹfirí orí òṣùpá ló fọ́jú?"

"Gbogbo wọn. Ṣubú, fún mi lẹ́pà."

Yóò rẹ́rìn-ín títí ẹ̀gbẹ́ á fi máa dùn ún. Àwọn awayìnyín tó ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀ máa ń dúró gbọ́ wọn. Wọ́n ní inú rẹ̀ dùn, òótọ́ sì ni. Ó sanra díẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kò gbà. Kò yẹsẹ̀ ní ìwọ̀n ìka kan.

Ní ìrọ̀lẹ́ tó ṣáájú àṣekágbá, Akínkúnmi gba ibẹ̀ kọjá. Kò sọ nǹkan kan ju "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, Màmá" lọ. Màmá Ṣubúọlá wo bó ṣe ń lọ, ó rí i bí èjìká rẹ̀ ti wálẹ̀. Ó gbé àwo ẹ̀pà sílẹ̀. Ó wá sọ ohun tí kò sọ rí ní gbogbo ọdún tí wọ́n fi ṣe tọkọtaya, torí kò fẹ́ kó dun ọkọ rẹ̀.

"Baba Rẹ̀mí, ẹ jẹ́ ká fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀ ná. Ẹ rántí àpótí yín, èyí tí ẹ gbé wá láti ilé ayé? Ẹ ò tú u rí. Ẹ ní kí n má fọwọ́ kàn án, pé ká má baà tún máa di ẹrù nígbà tí a bá ń padà. Mo ti tú u. Ọjọ́ kejì tí a sin yín ni mo tú u. Ṣẹ́ẹ̀tì bọ́ọ̀lù yín wà lókè, mo sì fi í kọ́ sára ògiri."

Ó fa àga rẹ̀ sún mọ́ gbohùngbohùn.

"A ò padà mọ́, ọkọ mi. Ibí ni a bí Rẹ̀mí sí. Ibí ni a sin yín sí. Kì í ṣe pé ẹ ò mọ bọ́ọ̀lù, bọ́ọ̀lù ilé ayé lẹ mọ̀. Ibí kì í ṣe ilé ayé. Bọ́ọ̀lù ibí kì í tètè wálẹ̀. Ibí ni ilé wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ dúró nílé."

Omi gbígbóná ń lọ nínú páìpù lókè.

"Ìwọ lo jàre, Ṣubú," ni ẹ̀rọ wí.

Màmá Ṣubúọlá pàtẹ́wọ́ bí ọmọdé. Gbogbo ọdún tó fi wà nílé ọkọ, kò gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí rí. Ó jó délé.

Lọ́jọ́ kejì, pápá kún dẹ́nu. Akọ Òkúta gbá ọ̀kan wọlé kí ìdajì àkọ́kọ́ tó parí. Ní ìdajì kejì, Àṣá Àfonífojì bẹ̀rẹ̀ sí í ju bọ́ọ̀lù sókè bí ẹni ń ju òkò sí máńgòrò. Ìlẹ̀kẹ̀ etí ń sọ̀rọ̀, àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì dúró sílé wọn. Nígbà tó kù díẹ̀ kí rẹfirí fọn fèrè, bọ́ọ̀lù kan gòkè tí gbogbo èèyàn rò pé kò ní padà wá mọ́. Ó kan òrùlé, ó yípo, ó ń bọ̀ wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀ síwájú gólì Akọ Òkúta. Àwọn Àṣá mẹ́ta ti wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹsẹ̀ ń hún àwọn èrò ìwòran. Àwọn mìíràn ti ń pariwo pé kí wọ́n sáré, kí wọ́n fò, kí wọ́n ṣáà ṣe nǹkan kan. Akínkúnmi kò mira. Ó dúró, ó dúró, ó tún dúró. Ìgbà tí bọ́ọ̀lù dé ibi tí orí rẹ̀ lè dé, ó fò, ó kàn án jáde, rẹfirí sì fọn fèrè.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn kò ṣeé rò tán. Wọ́n gbé Akínkúnmi sórí, ọmọ rẹ̀ jókòó sí i léjìká. Wọ́n gbé ife wá fún Màmá Ṣubúọlá lábẹ́ páìpù, ó da ẹ̀pà sísè kún inú rẹ̀, gbogbo èèyàn sì bù jẹ.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, ó gbé àga rẹ̀ lọ sí àyè rẹ̀. Ó wé gèlè.

"Baba Rẹ̀mí, àwọn ará àárín wa kò gbá nǹkan kan lánàá."

"Ìwọ lo jàre," ni ẹ̀rọ wí.

Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀ẹ́? Bóyá wọ́n tilẹ̀ gbá dáadáa ju ẹnikẹ́ni lọ."

"Ìwọ lo jàre."

Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. Ó rọra sọ ọ́, bí ẹni ń dẹ ẹran. "Ó yẹ kí gbogbo ẹ̀yìn gòkè nígbà tó kù díẹ̀ yẹn."

"Ìwọ lo jàre, Ṣubú."

Ó ránṣẹ́ pe Ìbídùnní. Ọ̀mọ̀wé náà tẹ èyí, ó wo tọ̀hún, lẹ́yìn náà ló kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àga rẹ̀. "Màmá, àìgbà Baba Rẹ̀mí gan-an ni ẹ̀rọ fi ń dá wọn mọ̀. Ibẹ̀ ló so gbogbo ọ̀rọ̀ wọn mọ́. Ìgbà tí wọ́n gbà, ìdè náà tú. Mi ò mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ló máa rí. Mi ò lè dá a padà."

Màmá Ṣubúọlá sunkún níwọ̀nba. Ó fi ọwọ́ kan orí ọ̀dọ́bìnrin náà. "Dìde. Èmi ni mo borí, èmi ni mo sì pàdánù. Ife wà nílùú, Akínkúnmi lórúkọ rere. Kò burú." Ó gbé àga rẹ̀ lọ sílé.

Nígbà tí ọdún bọ́ọ̀lù mìíràn bẹ̀rẹ̀, Akọ Òkúta tún borí. Àwọn ará ẹ̀yìn dúró sẹ́yìn pẹ̀sẹ̀, kò sí góòlù tó wọlé. Abẹ́ páìpù kún, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kò pọ̀, torí kò sí ohun tí wọ́n fẹ́ bá ara wọn jà sí. Àwọn kan ti ń dìde láti lọ jẹun.

"Kí ló dé tí wọn ò gòkè?" ni ohùn kan wí láti ẹ̀yìn. Màmá Ṣubúọlá ni, ó gbé àga rẹ̀ dání. Ṣẹ́ẹ̀tì bọ́ọ̀lù àtijọ́ kan wà lọ́rùn rẹ̀, ó tóbi jù ú lọ. "Mo ní kí ló dé? Ṣé wọ́n fẹ́ kí àlejò wá bá wọn nínú yàrá ni? Ẹnu géètì ni ọlọ́dẹ ń dúró sí!"

Gbogbo wọn wò ó. Òun ló dàgbà jù níbẹ̀ báyìí, ebi sì ń pa wọ́n. Bàbá Sàláwù ti tẹríba díẹ̀, ó ti la ẹnu láti sọ pé òun ló jàre. Ó wo ojú obìnrin náà. Ó pa ẹnu dé, ó nà dúró, ó sì fa àga kan sọ́dọ̀.

"Irọ́ ni, Màmá," ló wí. "Irọ́ gbuu ni. Ẹ jókòó, ká jà á."